Lẹ́tà Kan Péré: Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Gírámà Ńlá Di Àwàdà

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìdí ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ ephemeral, nǹkan tí kì í pẹ́ tó fi ń lọ ni wọ́n máa ń pè bẹ́ẹ̀, bí ìrì àárọ̀ tí oòrùn bá ti yọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríkì ni wọ́n ti mú un, ohun tí kì í lò ju ọjọ́ kan lọ ni ìtumọ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó dáa, ẹ yọ r kúrò nínú ẹ̀ kí ẹ tún un kà: ephemeal. Ṣé ẹ rí i? Meal ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, r ló jókòó sáàárín ẹ̀ tí ò jẹ́ ká rí i. Ó wá ku ìtumọ̀, èmi sì fún un ní tèmi: ephemeal ni jọ̀lọ́ọ̀fù òde ìnáwó tí ẹ ń wò bó ṣe ń bọ̀ láti tábìlì dé tábìlì, ẹ ti nu ṣíbí sílẹ̀, ó wá ku tábìlì kan péré kó kàn yín ni wọ́n ní ìrẹsì ti tán o, ṣé ẹ máa jẹ ẹ̀bà.

Eré tí mo fẹ́ kọ́ yín lónìí nìyẹn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ òyìnbó tí kì í ṣe ti ojoojúmọ́, ẹ fi lẹ́tà kan kún un, tàbí kí ẹ yọ kan, tàbí kí ẹ fi òmíì rọ́pò kan, kan péré o, kì í ṣe méjì, kí ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú díkíṣọ́nárì kankan jáde, kí ẹ wá jókòó túmọ̀ ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ìdíje tó lókìkí. Ìwé ìròyìn Washington Post bẹ̀rẹ̀ ìdíje àwàdà kan ní 1993, wọ́n pè é ní Style Invitational, wọ́n á gbé iṣẹ́ fún àwọn òǹkàwé, àwọn òǹkàwé á fi tiwọn ránṣẹ́, èyí tó bá dáa jù á jáde nínú ìwé ìròyìn. Eré lẹ́tà kan yìí wà lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn, ibẹ̀ ni sarchasm ti jáde, èyí tó jẹ́ pé tí mo bá rántí ẹ̀ títí dòní inú mi á dùn. Sarcasm ni wọ́n mú, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ tó fi ń gún ẹlòmíì lára láì sọ ọ́ tààrà, wọ́n fi h kan há a láàárín, chasm bá yọ síta, ọ̀gbun sì ni chasm. Sarchasm wá di ọ̀gbun tó wà láàárín ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ àti ẹni tí ò yé rárá. Irú àwọn ọ̀rọ̀ yìí rìn jìnnà lórí íméèlì kí WhatsApp tó dé.

Ọ̀rọ̀ wo wá ni kí ẹ mú? Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ò dáa fún un. Ẹ bá fọwọ́ kan lẹ́tà kan nínú cat, bat ló máa dà, tàbí car, tàbí can, gbogbo ẹ̀ ló ti ní ìtumọ̀ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sáyè fún yín níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gùn ló dáa, tó ní lẹ́tà mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá sókè, torí pé tí ẹ bá yí ọ̀kan nínú ẹ̀, àwọn tó kù á ṣì máa jẹ́rìí ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó ń kà á, bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ yín gé irun ẹ̀ kanlẹ̀ tí ẹ ṣì fi ìrìn dá a mọ̀ lókèèrè. Àmọ́ ẹ má lọ mú èyí tó jẹ́ pé ẹni méjì péré ló mọ̀ ọ́n ní gbogbo Nàìjíríà, torí ẹni tí ò bá mọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò lè rí ohun tí ẹ yí níbẹ̀, ńṣe lá rò pé ẹ ṣi sípẹ́lì. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ni kí ẹ máa wá, èyí tí àwọn èèyàn ti gbọ́ rí, tí wọ́n mọ̀ pé gírámà ni, bóyá wọ́n tiẹ̀ ti kọ ọ́ nínú ìdánwò ní sẹ́kọ́ńdírì tí wọn ò tún lò ó mọ́ látìgbà yẹn.

Àwa sì nìyí, a ò ṣaláìní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ wa fẹ́ràn gírámà. Ẹ rántí Patrick Obahiagbon, ará Ẹdó, tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣojú ṣòfin l'Ábùjá láti 2007 sí 2011, tó bá lanu báyìí gbogbo èèyàn á máa wá díkíṣọ́nárì kiri. Ẹ tún wo Scrabble. Ọmọ Nàìjíríà ni Wellington Jighere tó gba ife àgbáyé Scrabble ní ìlú Perth ní Ọsirélíà ní 2015, ó na ará Ìlú Ọba tí wọ́n jọ dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mẹ́rin láì fún un ní ẹyọ kan, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gba ife náà ní èdè òyìnbó. Mo mẹ́nu ba àwọn tó ń ta Scrabble torí pé wọ́n ní ọgbọ́n kan tí ẹ máa nílò: wọ́n máa ń há gbogbo lẹ́tà tó lè gun orí ọ̀rọ̀ tàbí ìdí ọ̀rọ̀ sórí, hook ni wọ́n ń pè é. Wọ́n mọ̀ pé lather lè gba s níwájú kó di slather, ó lè gba b kó di blather. Ọgbọ́n yẹn náà la máa lò, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwọn gbọ́dọ̀ wà nínú díkíṣọ́nárì, tiwa ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Tí ẹ bá ti yan ọ̀rọ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan lẹ́tà kankan. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é lódì, wọ́n á kàn máa pààrọ̀ lẹ́tà bí ẹni ń fọwọ́ tẹ fóònù nínú òkùnkùn, ìgbà tí wọ́n bá ṣe é tí kò mú nǹkan jáde wọ́n á ní eré òyìnbó ni. Ẹ kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ kí ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú defenestrate. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni kí wọ́n ju èèyàn gba ojú fèrèsé jáde, fenestra ni Látìn ń pe fèrèsé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà níbi tó ti lókìkí: ní 23 May 1618, ní ààfin ìlú Prague, àwọn ọlọ́lá ẹlẹ́sìn Protẹ́sítáǹtì bínú gbé aṣojú ọba méjì àti akọ̀wé wọn, wọ́n jù wọ́n gba fèrèsé síta, ibi tí wọ́n ti já bọ́ dé ilẹ̀ tó mítà 21. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò kú. Àmọ́ ogun tó tìdí ẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ jà fún 30 ọdún.

Ní báyìí tí a ti tú u, a mọ̀ pé ohun méjì ló wà lọ́wọ́ wa: fèrèsé, àti nǹkan tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín nìyí: níbi tí mò ń gbé, kí ló máa ń gba fèrèsé kọjá jù? Èmi ò ronú jìnnà kí n tó dáhùn, ariwo ni. Mo wá padà síbi ọ̀rọ̀ náà, mo rí def níwájú ẹ̀, a kan péré ló kù kó di deaf. Deafenestrate. Kí aládùúgbò gbé gbohùngbohùn ńlá síta lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́, kó kọjú ẹ̀ sí ilé yín, kí ariwo gba fèrèsé wọlé títí tí ẹ ò fi ní gbọ́ ohun tí ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó ń sọ. Ẹ wo bó ṣe ṣe rẹ́gí: ní Prague èèyàn ló ń gba fèrèsé jáde, ládùúgbò wa ariwo ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Ká ní mi ò mọ̀ pé fèrèsé wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni, mi ò bá má rí nǹkan kan ṣe sí i.

Òmíì tí mo fẹ́ràn gan-an ni petrichor, òórùn ilẹ̀ gbígbẹ nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá kàn án. Gbogbo wa la mọ òórùn yẹn, ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ ọ́n, àmọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Ọsirélíà, Isabel Joy Bear àti Richard Thomas, ló fún un ní orúkọ yìí ní 1964. Petra tó jẹ́ òkúta lédè Gíríkì ni wọ́n so mọ́ ichor, ohun tí àwọn Gíríkì sọ pé ó ń ṣàn nínú iṣan àwọn òrìṣà wọn dípò ẹ̀jẹ̀. Orúkọ tó dùn. Ẹ wá fi o rọ́pò i àárín ẹ̀: petrochor. Mo túmọ̀ ẹ̀ sí òórùn tó máa ń bo gbogbo mọ́tò láti Ṣàgámù dé Ìbàdàn torí pé ẹnì kan gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí bùùtù tí kò dé e dáadáa. Ohun tó wá ya èmi gan-an lẹ́nu ni pé petroleum náà, petra kan náà yẹn ló wà nínú ẹ̀, òróró inú òkúta ni ìtumọ̀ ẹ̀ ní Látìn, ó túmọ̀ sí pé gbogbo bí mo ṣe ń yí i yẹn mi ò tíì kúrò nínú ilé baba ọ̀rọ̀ náà. Tí irú èyí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi falẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíá.

Báwo lẹ ṣe máa wá lẹ́tà náà rí? Ọ̀nà tí èmi ń gbà rèé. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sórí pépà, pépà gidi o, kì í ṣe fóònù, torí fóònù á máa fẹ́ bá yín tún sípẹ́lì ṣe. Mo wá ń wo inú ẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kékeré kan ti fara pamọ́ síbẹ̀ tó jẹ́ pé lẹ́tà kan ló kù kó pé, tàbí lẹ́tà kan ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ wo ubiquitous. Ohun tó wà níbi gbogbo ni ìtumọ̀ ẹ̀. Mo kọ ọ́, mo tẹjú mọ́ ọn, mo rí quit láàárín ẹ̀, mo gbìyànjú quit títí kò mú nǹkan wá. Mo wá ń mú fáwẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan kì bọ ààlà àwọn lẹ́tà yẹn, a, kò ṣe é, mo fi e sáàárín i àti t, quiet jáde! Ubiquietous. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà níbi gbogbo. Mo bi ara mi pé ìgbà wo ni ibi gbogbo máa ń dákẹ́ ládùúgbò mi, mo sì mọ ìdáhùn lójú ẹsẹ̀: ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yẹn, láàárín ìgbà tí wọ́n mú iná lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́ máa dún. Fáàńù ń rọra dúró, tẹlifíṣọ̀n ti kú, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀. Títí dòní òyìnbó ò ní orúkọ fún àkókò yẹn, àwa náà ò ní, àfi ubiquietous yìí.

Fáwẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ máa gbìyànjú, torí ó máa ń wọlé wẹ́rẹ́. Tó bá kọ̀, ẹ lọ síwájú ọ̀rọ̀, ẹ gba gbogbo alífábẹ́ẹ̀tì láti a dé z, ẹ máa gbé wọn gun orí ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe rí jobfuscate nìyẹn. Obfuscate ni kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ dí ọ̀rọ̀ lójú kó má bàa yéni, kó ṣókùnkùn. Jobfuscate wá ni kí wọ́n bi ẹnì kan pé irú iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, kó dáhùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lójísítíìkì, kọ́ńsọ́tánsì, kí ẹni tó béèrè dúpẹ́ kó sì padà sílé láì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí mo ṣe rí smellifluous náà nìyẹn. Mellifluous ni ohùn tó dùn tó ń ṣàn bí oyin, mel ni oyin ní Látìn, s kan ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ dídùn bí oyin tó ń ti ẹnu ẹni tí kò tíì run pákò jáde. Ẹ tún lè pààrọ̀ lẹ́tà iwájú dípò kí ẹ fi kún un: kleptocracy, ìjọba àwọn olè, tí ẹ bá fi s rọ́pò k, sleptocracy, ìjọba àwọn tó máa ń sùn lórí àga títí ìpàdé á fi parí, tí wọ́n á sì jí dìbò bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ wá gbọ́, ojú nìkan ò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ tuntun náà sókè kí etí yín gbọ́ ọ. Ibí ni mo ti gbà pé àwa ọmọ Yorùbá lágbára ju àwọn tó ni èdè náà lọ, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ẹni tó ti ń gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ látìgbà tó ti ń rá, tó mọ̀ pé ohùn kan tó lọ sókè tàbí tó wálẹ̀ lè sọ ọkọ ìyàwó di ohun tí wọ́n fi ń ro oko, ìyípadà kékeré kan nínú ọ̀rọ̀ kò lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá kó má mọ̀. Àwọn tó bá sì ti pẹnà rí ní kékeré, tí wọ́n ń sọ mogo fẹ́gẹ́ lọgọ káwọn àgbà má bàa gbọ́ pé mo fẹ́ lọ ni wọ́n ń wí, ti ń ṣe irú eré yìí kí wọ́n tó mọ òyìnbó. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan há ọ̀rọ̀ láàárín tí ẹni tó mọ ọgbọ́n ẹ̀ á ṣì máa gbọ́ ọ.

Àmọ́ ẹnu wa lè dá wa lọ́nà níbòmíì. Alífábẹ́ẹ̀tì tiwa ò ní c, kò ní q, kò ní v, kò ní x, kò ní z. Tí ẹ bá fi z rọ́pò s nínú ọ̀rọ̀ kan, tí ẹ wá ń sọ ọ́ fún àwọn ará ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Irú ìyẹn, kíkọ ló yẹ kí ẹ kọ ọ́. Sycophant, ìyẹn ẹni tó ń pọ́n ọ̀gá lé torí ohun tó máa rí gbà, tí ẹ bá fi p síwájú ẹ̀, psycophant, bẹ́ẹ̀ náà ni, ojú ló ń rí p yẹn, ẹnu kì í pè é. Mi ò ní kó má dáa, mo kàn ní kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ ti ojú àti èyí tó jẹ́ ti etí, kí ẹ má lọ sọ ti ojú lórí fóònù kí ẹ wá máa bínú pé wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ìtumọ̀ ló kù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ọ̀rọ̀ tuntun lè dáa kí ìtumọ̀ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Òfin tí mo dì mú ni pé ìtumọ̀ àtijọ́ àti ìtumọ̀ lẹ́tà tuntun gbọ́dọ̀ jọ wà nínú gbólóhùn kan náà, tí ọ̀kan bá ti sọnù ó ti tán. Ẹ mú loquacious, ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ẹ fi i rọ́pò o àkọ́kọ́, ó di liquacious, liquor tó jẹ́ ọtí ti yọjú. Tí ẹ bá túmọ̀ ẹ̀ sí ẹni tó fẹ́ràn ọtí, ẹ ti ju ọ̀rọ̀ sísọ nù, ọ̀mùtí lásán lẹ ṣe é. Tí ẹ bá ní alásọjù ni, ẹ ti ju ohun mímu nù. Ẹ so wọ́n pọ̀: ẹni tó dákẹ́ látàárọ̀, àmọ́ tí ìgò kejì bá ti délẹ̀, òun ló ń ṣàlàyé fún gbogbo ilé ọtí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣèjọba. Ẹ wò ó bó ṣe yàtọ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí ìtumọ̀ náà wá láti ibi tí ẹ mọ̀. Ẹ má lọ máa túmọ̀ ẹ̀ sí snow àti ajá inú ilé nígbà tó jẹ́ pé Mushin lẹ̀ ń gbé. Somnambulist ni ẹni tó ń rìn lójú oorun, somnus ni oorun, ambulare ni ká rìn. Ẹ fi s rọ́pò l, somnambusist, bus ti wọlé. Gbogbo ẹni tó ti wọ dáńfó láti Ìyànà Ìpájà lọ sí Ọ̀shòdì láàárọ̀ kùtùkùtù mọ ẹni yẹn: ẹni tó sùn lọ lórí èjìká ẹlòmíì, tí kọ̀ndọ́ pe bọ́sítọ́ọ̀pù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó wá jí ní bọ́sítọ́ọ̀pù méjì síwájú tó ń pariwo ó wà o. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London àti Houston náà ní tiwọn. Ẹnì kan tó bẹ̀ wá wò ní oṣù Kejìlá ló jẹ́ kí n rí luggubrious, g kan ni mo fi kún lugubrious tó jẹ́ ojú ìbànújẹ́, ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ti di ẹrù tán, ẹ̀gúsí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, ó gbé àpótí gun ìwọ̀n ní eapọ́ọ̀tù, ó yẹ kó jẹ́ kílò 23, ó di 31, wọ́n ní kó ṣí i kó yọ. Ojú tó ní nígbà tó ń gbé èlùbọ́ ìyá ẹ̀ padà lé mi lọ́wọ́, luggubrious nìyẹn, èmi ò rí ọ̀rọ̀ míì tó lè jẹ́ ẹ.

Parsimonious náà nìyẹn, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ le sówó. Ẹ fi m rọ́pò n, parsimomious, mom dé. Ìyá tí ẹ bá bá a kọjá níwájú ilé oúnjẹ tí ẹ ní ebi ń pa yín, tó ní ìrẹsì wà nílé. Ẹ fi ìfẹ́ túmọ̀ irú èyí o, torí gbogbo wa la jẹ ìrẹsì ilé yẹn, òun ló sì tọ́ wa dàgbà.

Mo ní láti sọ ti àwọn ohun tí kò yẹ. Lẹ́tà méjì kọ́, mo ti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ máa rí i pé ó máa ń wu èèyàn láti fi ìkejì kún un kí ọ̀rọ̀ náà lè jáde dáadáa. Ẹ má gbà. Ẹni tó ń kà á kò ní tọpa ẹ̀ padà mọ́, adùn eré yìí sì wà nínú pé nǹkan tó yí kéré gan-an tí ohun tó jáde sì tóbi. Ìkejì, kí ẹ tó sọ pé ẹ̀yin lẹ dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí Google, torí èèyàn méjì lè ronú kan nǹkan kan náà láì mọra, tí ẹ bá bá a níbẹ̀ kò burú, ẹ kàn má pè é ní tiyín. Ìkẹta, mi ò kí ń fi àìsàn, àbùkù ara tàbí ẹ̀yà ẹnikẹ́ni ṣe é. Gerontocracy ni ìjọba àwọn àgbàlagbà, ó rọrùn gan-an láti fi z sí i kó di gerontocrazy, mo sì ti rí i pé àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, àmọ́ kí la fẹ́ fi yẹ̀yẹ́ àgbà àti ẹni tí orí ń dà láàmú ṣe? Sleptocracy ti tó mi, ẹni tó ń sùn níbi ìpàdé lè jí tó bá fẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ má kọ́kọ́ gbé gírámà ńlá fún wọn. Ẹ fi àkàbà ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Lewis Carroll, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Oxford, ló gbé eré yẹn kalẹ̀ ní 1877, Doublets ló pè é: ẹ mú ọ̀rọ̀ méjì tó gùn bákan náà, ẹ máa yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí àkọ́kọ́ á fi di ìkejì, gbogbo èyí tó wà láàárín sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi. Head, heal, teal, tell, tall, tail, orí ti di ìrù. Ẹ tún fi startling hàn wọ́n, ẹ máa yọ lẹ́tà kan kan: starting, staring, string, sting, sing, sin, in, I. Ọmọ tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́sàn-án lè máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi ku lẹ́tà kan tí ìtumọ̀ ò sì já, kò ní bẹ̀rù sípẹ́lì mọ́. Nílé wa, pépà la máa ń lò, ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ á kọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ sókè, tuntun sísàlẹ̀, ìtumọ̀ lẹ́yìn pépà, àwọn tó kù á gbìyànjú àtimọ ìtumọ̀ náà kí a tó yí i. Lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ méjèèjì ni kí ẹ kọ, àtijọ́ àti tuntun, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àṣìkọ ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ló ṣe èyí tó dùn mọ́ mi jù ní ọdún yìí. Gregarious ni mo fún un, ẹni tó fẹ́ràn kó máa wà láàárín èèyàn, grex ni agbo ẹran ní Látìn. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ fún ọjọ́ méjì tí kò mú nǹkan jáde, mo ń wá ọ̀rọ̀ òyìnbó tó pamọ́ sínú ẹ̀. Ọmọ yìí wò ó, ó ní Bùọ̀dá, ṣé dandan ni kó jẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó, ó gba bírò, ó fi r kan kún un, gregarrious. Mo ní kó túmọ̀ ẹ̀. Ó ní àwọn mẹ́fà tí wọ́n jọ wà ní rúùmù kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù, ọ̀kan mú gàrí wá, ọ̀kan ní ṣúgà, ọ̀kan ní ẹ̀pà, ọ̀kan lọ pọn omi, abọ́ kan ṣoṣo, ṣíbí mẹ́fà.